Háàdì Tí Orí Ń Fọ́ àti Ìwé Ìbí Màmá Nọ́ọ̀sì

Kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì kí òbí kan má mú ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ìloro ilé mi ní Ìyànà Ọ̀fà. Wọn á kí mi tán, wọn á ní kí n gba ọmọ náà nímọ̀ràn, ṣé kó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀m̀pútà títún ṣe ni, àbí kó wá nǹkan mìíràn ṣe. Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ẹnu fi ń ro mí, ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó kà á. Tó bá kà á tán tí iṣẹ́ náà ṣì wù ú, kó má pe èmi lẹ́rìí.

Tìámíyù lorúkọ mi. Ọmọ Akínyẹlé ni mí, ọmọ àgbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni bàbá mi ń gbìn, wọ́n sì fẹ́ kí èmi náà máa gbìn ín. Àmọ́ láti kékeré ni oòrùn kò ti bá mi lára mu. Tí mo bá ti kọ ebè mẹ́wàá, màá ní òòyì ń kọ́ mi, màá lọ jókòó sábẹ́ igi. Bàbá mi wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, abẹ́ òrùlé ni wọ́n dá ọ fún." Bí wọ́n ṣe mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Bísíríyù ní Ẹgbẹ́dá nìyẹn, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì padà sóko.

Táípúráítà ni Ọ̀gá Bísíríyù ń tún ṣe nígbà náà. Ọkùnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣí fìlà kódà nínú ilé. Òfin kan ló ní, òfin náà sì le ju gbogbo òfin ilé-ìwé lọ: o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan láìjẹ́ pé o ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, n kò di sukudíráífà mú. Màá jókòó ti táípúráítà, màá di ojú mi, ọ̀gá á máa tẹ̀ ẹ́, èmi á sì máa sọ lẹ́tà tó ń ṣe ségesège.

"Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ tákà, sà."

"Tákà wo? Tákà ti ọwọ́ ọ̀tún àbí tákà ti ọwọ́ òsì?"

"Ti ọ̀tún ni, sà."

"Gbé ìgbálẹ̀."

Ìyẹn túmọ̀ sí pé mo ti ṣì í. Ẹni tó bá ṣì í ló máa gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí dé etí títì ọlọ́dà. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló mọ́ jù ní gbogbo Ẹgbẹ́dá. Kódà níbi oúnjẹ, wọn kì í sinmi. Ìyàwó ọ̀gá á máa gún iyán lẹ́yìnkùlé, ọ̀gá á ní kí n tẹ́tí sí odó, kí n sọ bóyá iyán ti dé tàbí kókó ṣì wà nínú ẹ̀. Tí mo bá ṣì í, ìgbà tí gbogbo ilé bá jẹun tán ni wọ́n tó máa fún mi ní tèmi. Mo jẹ iyán tútù lọ́dún yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bínú sí ọkùnrin náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tiẹ̀ ń rò láti sá padà sínú ebè.

Nígbà tí kọ̀m̀pútà bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn ilé-ìwé àti ọ́fíìsì agbègbè wa, gbogbo àwọn tó ń tún táípúráítà ṣe ló ń sunkún. Ọ̀gá Bísíríyù ní tiwọn ṣí fìlà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọ́n gbé etí lé ara kọ̀m̀pútà kan, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nǹkan kan ń yí nínú ẹ̀, nǹkan mìíràn sì ń rìn lórí ohun tó ń yí. Háàdì ni wọ́n gbọ́ yẹn, àpótí irin kékeré tí kọ̀m̀pútà ń tọ́jú gbogbo ohun tó mọ̀ sí. Àwo dídán kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń yí láìdúró, orí kékeré kan sì ń sáré lórí àwo náà, òun ló ń kà, òun ló ń kọ. Tí háàdì bá ti fẹ́ bàjẹ́, orí yẹn kò ní rí ibi tó ń wá, á máa gbá ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣáá: tá-kì, tá-kì, tá-kì.

Ọ̀gá ní, "Orí ń fọ́ ọ nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Háàdì tó bá ń dún bẹ́ẹ̀, orí ń fọ́ ọ. Ìtọ́jú rẹ̀ náà kò sì yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ẹni tí orí ń fọ́, ẹ kì í jí i nígbà ogún láti bi í bóyá orí ṣì ń fọ́ ọ. Àmọ́ ohun tí àwọn oníbàárà máa ń ṣe gan-an nìyẹn: kọ̀m̀pútà kò dìde, wọ́n pa á, wọ́n tan án, wọ́n tún pa á, wọ́n tún tan án, títí háàdì á fi gbẹ́mìí mì. Ọ̀gá kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ yẹ àwọn wáyà wò, nítorí eku àti ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà ló ń fa ìdajì wàhálà. Tí wáyà kò bá ní ẹ̀sùn, kí a gbọ́ ọ. Tó bá dún tá-kì, ká gbé ọwọ́ kúrò, ká so ó mọ́ kọ̀m̀pútà mìíràn tó lálàáfíà, ká da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ síbòmíràn kí a tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀dà ni àkọ́kọ́, àtúnṣe ni ìkejì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a ń lò. Tí a bá fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà lórí háàdì rẹ́ kí a lè bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, fọ́máàtì làwọn olóyìnbó ń pè é. Ó gùn lẹ́nu wa, la bá gé e kúrú sí "fọ". Bá mi fọ èyí. Ṣé o ti fọ tìyẹn? Ó bá ìtumọ̀ mu, torí ohun tí a bá fọ, ohun tó wà lára rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé kà dáadáa ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Èmi kò rí i fún ogún ọdún.

Ọdún mẹ́fà ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá kí n tó gba òmìnira, kí n sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìyànà Ọ̀fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ráúfù tó ń lẹ táyà. Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Táípúráítà di ohun tí wọ́n fi ń dí ilẹ̀kùn mú. Díìsì pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ kọ̀m̀pútà lẹ́nu wá, ó lọ. Háàdì tó tóbi tó búlọ́ọ̀kù di èyí tó ṣeé fi sápò àyà. Níkẹyìn, wọ́n gbé irú kan dé tí kò ní àwo, tí kò ní orí, tí kì í yí, tí kì í dún. Ọmọge kan gbé irú ẹ̀ wá lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ní ó ti bàjẹ́. Mo gbé etí lé e, mo di ojú mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún tẹ́tí. Nígbà tó yá, ọmọge náà fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti sùn ni?" Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ó yẹ kí n parí ìtàn síbẹ̀, àmọ́ n kò tí ì sọ èyí tí gbogbo Ìyànà Ọ̀fà fi mọ̀ mí. Tí n kò bá sọ ọ́, àwọn mìíràn á bá mi sọ ọ́, wọn á sì fi ata sí i.

Obìnrin kan wà ní Lálúpọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Agbẹ̀bí ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Tí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní abúlé yìí títí dé ìlú kejì, tó sì ti dàgbà tó láti ní ọmọ, ọwọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì ló ṣeé ṣe kó bọ́ sí. Gbogbo ọmọ tí wọ́n gbà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ: orúkọ ìyá, orúkọ bàbá, ọjọ́, àsìkò, àti àmì tó bá wà lára ọmọ. Nígbà tí ikán bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà, ọmọ wọn obìnrin ra kọ̀m̀pútà sílé fún wọn, ó jókòó tì wọ́n fún ọdún kan, ó tẹ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Ikán jẹ ìyókù tán. Inú háàdì kọ̀m̀pútà yẹn nìkan ni ìwé ìbí wà mọ́.

Ẹ má fojú kéré ohun tí ìwé yẹn ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ gba káàdì ìdìbò, ọ̀dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì ló ń lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe pásípọ́ọ̀tù, ibẹ̀ ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń lò ó fún jù ni ìjà ta ló ṣàgbà. Ráúfù tó ń lẹ táyà àti Kàmọ́rù káfíńtà, òdìkejì títì ni wọ́n wà sí ara wọn. Ìyá Kàmọ́rù ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọmọ òun ló kọ́kọ́ dé ayé. Nítorí náà, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, "ẹ̀gbọ́n" ni Ráúfù ń pe Kàmọ́rù, Kàmọ́rù sì ń rán an lọ ra ọṣẹ. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, Kàmọ́rù ṣì ń rán an lọ ra ọṣẹ.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Màmá Nọ́ọ̀sì gun ọ̀kadà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fi ìró wé kọ̀m̀pútà náà, wọ́n gbé e sórí itan.

"Tìámíyù, ó ń ṣe bí ọmọ tí inú ń run. Ó máa ń pẹ́ kó tó jí. Tó bá jí tán, á tún dákú."

Mo yẹ wáyà wò, wáyà kò ní ẹ̀sùn. Mo gbé etí lé e. Tá-kì, tá-kì.

"Màmá, orí ń fọ́ ọ."

"Ṣé á yè é?"

"Á yè é, mà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ àwọn ní Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí n má kánjú. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n padà. "Tìámíyù, kò sí òmíràn níbì kankan o. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi ló wà níbẹ̀ yẹn." Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo ya téèpù, mo kọ FO sí i gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára, ìyẹn ni pé orí ń fọ́ ọ, ẹ̀dà ni àkọ́kọ́. Mo gbé e sórí tábìlì kí n lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ibà ti gbé mi dè. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo fi padà sí ṣọ́ọ̀bù, oògùn ibà ti mú kí etí mi máa hó yẹ́ẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kò dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa. Mo rí kọ̀m̀pútà mẹ́ta lórí tábìlì. Mo rí téèpù. Mo kà á: FO. Mo ní, háà, èyí fẹ́ fífọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo kà á, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè fi ẹ̀sùn kàn. Àmì òkè kan péré ni n kò fi sí i.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọ́. Mo ń kọrin pàápàá. Kọ̀m̀pútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Inú bí mi, mo ní, "Ṣé ìwọ lọ̀gá mi ni?" mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń mu omi. Mo wá fẹ́ kọ ètò tuntun sórí rẹ̀, ó gba díẹ̀, ó dúró. Mo tún un ṣe, ó tún dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láti wò ó bóyá ó ti gbóná jù. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló gbọ́ ohun tí etí mi kò gbọ́: tá-kì, tá-kì. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo rí ìró Màmá Nọ́ọ̀sì.

 Mo fa wáyà iná yọ lára ògiri, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì pariwo, "Yéè! Mo ti fọ ìwé ìbí!" Kò yẹ kí n pariwo. Ráúfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Ìyànà Ọ̀fà ti gbọ́ pé ìwé ìbí ti run. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ̀ pé àwọn aládùúgbò mi ti ń fara da ọjọ́ orí wọn tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń múra láti ṣe ọgọ́ta ọdún, ó ní òun ṣírò ọjọ́ náà ṣì, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni òun. Ọkùnrin kan tó ń wá ipò mọ́gàjí ní agbo ilé wọn ra ọ̀pá ìtilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ní ti Ráúfù, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dúró sí etí títì, ó ké sí òdìkejì, "Kàmọ́rù! Wá!"

Kàmọ́rù wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ta lò ń bá wí?"

"Ìwọ ni. Wá lọ bá mi ra ọṣẹ."

"Ráúfù, ṣé kò rẹ̀ ọ́? Ṣé ara rẹ yá?"

"Ibo ni ìwé wà? Mú ìwé jáde! Ta ló sọ fún ọ pé o jù mí lọ?"

Àwọn ọlọ́kadà ló là wọ́n.

Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí, n kò rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀rù Màmá Nọ́ọ̀sì ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí bí wọ́n ṣe padà láti ẹnu ọ̀nà, omi á lé sí mi lójú. Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ ló kù kí wọ́n dé.

Ohun tó kù fún mi láti gbọ́kàn lé ni èyí: fífọ̀ oníwàǹwára tí mo ṣe yẹn kì í pa ọ̀rọ̀ gan-an rẹ́. Ó kàn ń ya ojú ewé tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà ni. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí a ó fi kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ètò tuntun tí mo fẹ́ kọ lé e lórí, háàdì kò gbà á torí pé orí ń fọ́ ọ. Ká ní ara rẹ̀ dá ni, á ti gba gbogbo ohun tí mo kó fún un, ìwé ìbí á sì ti lọ pátápátá. Àìsàn rẹ̀ ló bá mi tọ́jú ẹrù náà.

Mo tú háàdì náà jáde, mo so ó mọ́ kọ̀m̀pútà mìíràn, mo ní kó máa ka ohun tó wà níbẹ̀, kó má kọ ohunkóhun. Díẹ̀ díẹ̀ ni. Tó bá ti gbóná, màá pa á, màá fi fáànù fẹ́ ẹ, màá jẹ́ kó sinmi. Etí mi ti padà bọ̀ sípò, mo sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ mímí aláìsàn. Kàmọ́rù gbẹ́ ìtẹ́lẹ̀ onígi kan fún mi, ó fi fóòmù sí i, kí háàdì má baà máa gbọ̀n. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ láti béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ráúfù ní tirẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe láti àárọ̀, àfi ìgbà tí mo bá tan háàdì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló máa tan ẹ̀rọ tó fi ń fún táyà ní atẹ́gùn, ògiri á máa gbọ̀n gìrì-gìrì. Mo lọ bá a.

"Ráúfù, táyà ta lò ń fún?"

"Tèmi ni."

"O ò ní mọ́tò!"

"Mo fẹ́ rà."

Ẹnì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára, ìyàwó mi Rábíátù ni, Ìyá Múnírù. Ojoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Á gbé e kalẹ̀, á yọjú wo háàdì, á ní, "Bàbá Múnírù, ṣé ó ti kú?" Màá ní kò tí ì kú. Á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi ìlera yín tàfàlà o. Ohun tó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ." Mo ní nínú ara mi pé Ọlọ́run ló fún mi ní obìnrin yìí. Ohun kan ló kàn ń yà mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí mo bá sọ fún un láàárọ̀ pé háàdì ń ṣe dáadáa, ẹ̀bà ló máa gbé wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ àná. Lọ́jọ́ tí mo bá sọ pé ó jọ pé kò ní yè é, iyán ni, àti ẹran ìgbẹ́. Mo gbà pé ìtùnú ni.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tí Màmá Nọ́ọ̀sì ti lọ, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sójú kọ̀m̀pútà. Kò ní àkọlé, kò ní ètò, àmọ́ ó ṣeé kà. Mo rí orúkọ ìyá, mo rí orúkọ bàbá, mo rí "ọkùnrin, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde." Mo pariwo débi pé ẹni tó ń ra epo lódìkejì títì yíjú. Mo rí Kàmọ́rù àti Ráúfù. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, Kàmọ́rù lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ráúfù nígbà tí wọ́n ń pe ìrun ọ̀sán. Nígbà tí mo kà á fún wọn, Ráúfù jókòó sórí táyà, ó di orí mú. "Nítorí àárọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣe ń ra ọṣẹ láti ọjọ́ yìí wá?" Kàmọ́rù ní, "Lọ ra òmíràn wá." Ó lọ. Àmọ́ ó rà á, ó fi í wẹ̀.

Mo padà sídìí iṣẹ́, mo ń da ewé tó kẹ́yìn kọ. Ibẹ̀ ni mo ti kà báyìí: "Ọmọ Sáfúrátù, ìyàwó Gàníyù aránṣọ, Lálúpọn. Obìnrin. Àmì dúdú tó tó ẹ̀wà lẹ́yìn etí òsì. Ó ti ń ké kó tó jáde tán."

Gàníyù aránṣọ ni bàbá ìyàwó mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni Sáfúrátù bí fún un. Mo sì mọ àmì yẹn, èmi ni mo máa ń bá Rábíátù di gèlè.

Mo wo ọdún tó wà níwájú rẹ̀. Mo fi ìka ṣírò, mo tún fi bírò ṣírò. Rábíátù fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ.

Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó ní mo fi ọdún mẹ́rin ju òun lọ. Fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ bá ti di gbólóhùn asọ̀ láàárín wa, ohun tí mo fi máa ń pa á lẹ́nu mọ́ ni pé, "Ṣé èmi lò ń dá lóhùn báyẹn, èmi tí mo ti ń sáré kiri kí wọ́n tó bí ọ?" Á sì dákẹ́. Ó dákẹ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Mo wá rántí iyán, mo rántí ẹran ìgbẹ́. Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń bọ̀ lápá kan tí n kò fẹ́.

Kò sí ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Ìlà kan péré ni. Gbogbo ayé ti gbà pé apá kan ìwé náà lè má padà. Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì ìparẹ́, mo fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò ó pé mo ti ṣèèṣì pa gbogbo ìwé rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí mo bá wá mọ̀ọ́mọ̀ pa ìlà kan rẹ́ báyìí, kí ni màá pe ara mi? Mo gbé ìka kúrò. Mo ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, mo pa háàdì náà fún ìgbà ìkẹyìn. Kò tún dìde mọ́ láti ọjọ́ náà.

Màmá Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Mo gbé kọ̀m̀pútà lọ bá wọn ní Lálúpọn, háàdì tuntun ti wà nínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde, ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe látòkèdélẹ̀. Wọ́n fa àga wọn sún mọ́ kọ̀m̀pútà. 

"Dìde. Ka ọ̀kan nínú ẹ̀ fún mi."

N kò mọ ohun tó mú mi kà á, àmọ́ ti ọmọ Sáfúrátù ni mo kà. Wọ́n di ojú, wọ́n ń mi orí. "Mo rántí. Ó ti ń ké kó tó jáde. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín ni. Níbo ni ọmọ yẹn wà báyìí?"

Mo ní, "Ilé mi ló wà, mà."

Wọ́n la ojú. Wọ́n wo ọdún tó wà nínú ìwé, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n fi etí ìró nu omijé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, kí n máa lọ, kí ẹ̀rín má baà pa àwọn.

Mo gun ọ̀kadà padà sílé. Rábíátù wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń tẹ ẹ̀bà. Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, mo tẹríba díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìkòkò. Kò kọ́kọ́ yíjú.

"Háàdì yẹn ò kú, àbí?"

Mo ní, "Kò kú, mà."